Etí ló ń ṣáájú ẹnu: ohun tí mo ti rí nínú kíkọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì sísọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi sọ, àti ẹ̀yin òbí náà tí ẹ ń wá bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa yọ̀ mọ́ ọmọ yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá gbé bébà fún wọn, wọ́n á kọ Gẹ̀ẹ́sì tó já geere, gírámà wọn ò lábùkù, ọ̀rọ̀ tó le gan-an wọ́n mọ ìtumọ̀ ẹ̀, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n dìde kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe lánàá, ilẹ̀ ni wọ́n á máa wò, ohùn wọn á wálẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára wọn. Ọpọlọ wọn pé, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ojú àti ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, etí wọn ò bá wọn kọ́ ọ, ẹnu wọn náà ò sì rí iṣẹ́ ṣe.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mò ń kọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti pinnu pé gbígbọ́ àti sísọ ló máa ṣáájú nínú kíláàsì mi, kíkà àti kíkọ á máa tẹ̀ lé wọn. Ohun tí mo rí látìgbà náà ni mo fẹ́ kọ síbí, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo máa sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣírò nǹkan kan. Ká ní kíláàsì ní ọmọ 40, píríọ́dù kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Tí tísà bá sọ̀rọ̀ fún ìdajì ẹ̀, tó wá ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n dáhùn nínú èyí tó kù, ọmọ kan ò lè rí ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ láti la ẹnu, ìyẹn tó bá kárí gbogbo wọn o, ẹ sì mọ̀ pé kì í kárí, àwọn mẹ́rin márùn-ún tó máa ń nawọ́ sókè ló máa gba gbogbo ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá pín wọn ní méjì-méjì tí ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 péré, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5, ó sì ti gbọ́ ti ẹlòmíì fún ìṣẹ́jú 5. Kò ná yín ní nǹkan kan. Àwọn kan á ní kíké tẹ̀ lé tísà ńkọ́, ṣebí gbogbo kíláàsì ló ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn? Ariwo ni wọ́n ń pa, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ké ohun tí tísà ti sọ tán ò ní nǹkan tirẹ̀ tó ń wá ọ̀nà láti sọ, ó lè ké e láti àárọ̀ dalẹ́ kó má sì mọ ohun tó ń wí.

Etí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ò lè sọ ohun tí etí ẹ̀ ò dá mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà pọ̀ sí fún ẹni tí èdè abínibí ẹ̀ bá jẹ́ Yorùbá. Nínú Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tiẹ̀, fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan la sì máa ń pè kó dún ketekete. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dà bí ìlù, ibì kan á dún kíkankíkan, ibì kan á fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọn ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán. Kenneth Pike, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ lórí irú ìyàtọ̀ yìí ní 1945, ó ní àwọn èdè kan ń rìn lórí ibi tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, àwọn míì ń rìn lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹ̀ rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ gún régé tó bó ṣe sọ ọ́, àmọ́ fún iṣẹ́ inú kíláàsì ó tó láti fi la àwọn ọmọ lójú. Fáwẹ́lì tó wọ́pọ̀ jù nínú Gẹ̀ẹ́sì ò tiẹ̀ ní lẹ́tà tirẹ̀, ìró kékeré tó bẹ̀rẹ̀ "about" ni, schwa ni wọ́n ń pè é, òun náà ló máa ń gorí "of", "to", "for", "and", "can" tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yára. Ọmọ tó jẹ́ pé inú ìwé ló ti pàdé "can", tó ń pè é kó dún dáadáa, tó bá gbọ́ "I can do it" lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ bó ṣe ń lọ, ó lè má gbọ́ "can" yẹn rárá. Ìgbà tí ẹni náà bá wá sọ "I can't", tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìgbà yẹn lọmọ náà á gbọ́ "I can". Ìtumọ̀ ti dojú dé pátápátá nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa mú gbólóhùn kan ṣoṣo tàbí méjì látinú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, mo á fi sí i, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Nígbà kan gbólóhùn náà ni "I should have told him about it". Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀ láti kékeré. Mò ń wo ìwé wọn bí mo ṣe ń rìn kiri: ẹnì kan kọ "I should tell him", òmíì kọ "I should of told him", òmíì kọ "I should told in about it". Mo tún un fi sí i, mo ní kí wọ́n fi tiwọn wé ti ẹni tó jókòó tì wọ́n, bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan ní òun gbọ́ nǹkan kékeré kan láàárín "should" àti "told", ẹnìkejì ẹ̀ ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fi í sí i, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, nǹkan kékeré yẹn ni gbogbo wọn ń wá. Ìgbà tí mo wá kọ gbólóhùn náà sórí bọ́ọ̀dù, mi ò ṣàlàyé púpọ̀, mo kàn ní kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti bọ́ mọ́ wọn létí, ọ̀pọ̀ wọn fà á sábẹ́ "have" àti "him". "Have" ti ku "v" kékeré tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn "should", "him" ti sọ "h" ẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà la wá sọ ọ́ lẹ́nu, a ń fi ìka kan tábìlì níbi "told" àti níbi "bout", a ń sáré kọjá lórí ìyókù. Ọmọ tó bá ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tó bá gbọ́ "could have" tàbí "must have" lọ́jọ́ míì, kò ní ṣókùnkùn sí i tó ti tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀, mo máa ń sọ ohun tí wọ́n máa tẹ́tí sí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń sọ, ó tán. Ìgbà kejì, nǹkan kan pàtó, bí àkókò, ìdí, ibi tí wọ́n ń lọ. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó máa rí ọ̀rọ̀ náà ní kíkọ. Tí a bá fi sí i tán ká tó wá da ìbéèrè rẹpẹtẹ lé wọn lórí, iye tí wọ́n lè rántí la ń dán wò, etí wọn kọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbígbọ́, torí ìdánwò ni, ọmọ tó kùnà á kàn mọ̀ pé òun kùnà, kò ní mọ ibi tí etí òun ti yapa.

Ohùn tí ẹ máa lò ò gbọ́dọ̀ le jù fún wọn níbẹ̀rẹ̀. Rédíò VOA ti Amẹ́ríkà mọ èyí tipẹ́, 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Special English nígbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ 1,500 péré ni wọ́n lò, gbólóhùn wọn kúrú, wọ́n sì kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà káàkiri ayé. Irú ẹ̀ dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ jù níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú títì. Mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ oríṣiríṣi ẹnu, ará Íńdíà, ará Gánà, ará Scotland, ará Amẹ́ríkà, àgbà, ọmọdé. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì ti pọ̀ ju àwọn tí wọ́n bí sínú ẹ̀ lọ, torí náà èmi ò kọ́ ọmọ kankan kó lè dún bí ẹni tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ohun tó ń sọ yé wọn, kí ohun tí wọ́n ń sọ yé òun náà, ìyẹn ni mò ń lé. Òbí tàbí tísà tó bá ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé ohùn ilé ẹ̀ hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, ẹnu ọmọ yẹn ló ń dì.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi àìsí ẹ̀rọ kẹ́wọ́. Ohùn tísà fúnra ẹ̀ tó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí n ka ìtàn kékeré bíi gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an, mi ò ní máa dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bíi ti àpèkọ. Ìgbà àkọ́kọ́ kò sẹ́ni tó máa mú bírò. Ìgbà kejì wọ́n á máa já àwọn ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á kóra jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á tún ìtàn náà tò látinú ohun tí oníkálukú já sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ "no, she didn't say goes, she said went", gbígbọ́ wà níbẹ̀, sísọ wà níbẹ̀, gírámà wà níbẹ̀, tísà ò sì sọ ju gbólóhùn márùn-ún lọ.

Ti ìró tó ń dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Yorùbá ò ní "v", kò ní "z", kò ní "th", kò ní "ch", bẹ́ẹ̀ sì ni "i" kan ṣoṣo la ní níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní méjì, ìdí nìyẹn tí "ship" àti "sheep" fi máa ń di ọ̀kan, "fan" àti "van", "share" àti "chair", "sip" àti "zip". Kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni pè é, mo máa ń jẹ́ kí etí wọn kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Wọ́n á kẹ̀yìn sí mi, mo á sọ ọ̀kan, ẹni tó bá gbọ́ "ship" á na ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá gbọ́ "sheep" á na ọwọ́ òsì. Tó bá ti ń yọ̀ mọ́ wọn, ọmọ kan á jáde wá gba ipò mi. Ibi tó dùn sí nìyí, torí ó lè jẹ́ "sheep" lòun ń sọ kí ìdajì kíláàsì na ọwọ́ ọ̀tún, kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó sọ pé kò dáa, àmọ́ ó ti fojú ara ẹ̀ rí i pé ohun tóun sọ kọ́ ni wọ́n gbọ́. Á tún un sọ, á fa ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́, á jẹ́ kó gùn, títí ọwọ́ òsì á fi pọ̀. Mi ò tíì rí àtúnṣe tó yá ju èyí lọ.

Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ tísà ń pè ní àṣìṣe gírámà tó jẹ́ pé ti etí àti ẹnu ni. Ọmọ á kọ "she worked" sínú ìwé, kò ní ṣì í kọ, àmọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ á ní "she work yesterday". Yorùbá kì í kó kọ́ńsónáǹtì jọ síparí ọ̀rọ̀, torí náà "kt" tó wà níparí "worked" ṣòroó gbọ́, ó tún ṣòroó pè. Ẹ lè fi gírámà yẹn lù ú lórí títí, kò ní tán lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì sẹ́yìn ẹ̀ kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ra, "worked at" á dún bíi "work-tat", "picked it up" á dún bíi "pick-ti-tup", ẹ ó rí i pé sílébù ẹ̀ ti wá jọ irú tiwa, ẹnu wọn á gbà á. Tó bá ti yọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀ ni wọ́n tó máa dá a pè níparí gbólóhùn.

Wàyí o, etí nìkan ò tó. Àwọn ọmọ kan wà ní Kánádà tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ níléèwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé, wọ́n ń gbọ́ Faransé yẹn lójoojúmọ́, ó ń yé wọn dáadáa, síbẹ̀ èyí tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ṣì kù díẹ̀ káàtó. Merrill Swain tó ṣèwádìí lórí wọn sọ ní 1985 pé ó yẹ kí nǹkan máa ti ọmọ láti sọ̀rọ̀ débi tó fi máa yé ẹni tó ń gbọ́ ọ, pé inú sísọ yẹn ló ti máa rí ibi tó kù sí. Àwọn àgbà wa náà sì ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé è jẹ.

Àmọ́ ọmọ ò ní ṣàdédé máa sọ̀rọ̀ torí pé tísà ní kó sọ̀rọ̀. "Talk about your holiday" kì í ṣí ẹnu púpọ̀, torí ta ló nílò ìròyìn yẹn? Ohun tó ń ṣí ẹnu ni kí ẹnì kan mọ ohun tí ẹnìkejì ò mọ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ sì nílò ẹ̀ kó tó lè parí iṣẹ́ ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe nínú kíláàsì, èyí ló ń ṣiṣẹ́ jù. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó kí wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀kan mú àwòrán dání, èkejì mú bébà òfìfo àti pẹ́ńsù, ẹni tó rí àwòrán á máa sọ ọ́, ẹnìkejì á máa yà á, wọn ò gbọ́dọ̀ yọjú wo ti ara wọn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí kì í sọ̀rọ̀, tí mo bá pe orúkọ ẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ á sì tẹrí ba. Ọjọ́ tá a ṣe èyí, òun ni àwòrán bọ́ sí lọ́wọ́, ilé kan, igi kan lẹ́yìn ilé, ajá kan lábẹ́ tábìlì. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, "There is house. There is tree." Ẹnìkejì ẹ̀ bi í pé "Where? Where is the tree?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "The tree is back. Back of the house." Ẹnìkejì ní "Inside?" Ló bá gbé ohùn sókè, "No, no, not inside! Behind! It is behind the house, you can see only the top!" Mi ò gbọ́ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó ní kó sọ ọ́, ó kàn fẹ́ kí igi yẹn bọ́ síbi tó yẹ kó wà ni. Ìgbà tí wọ́n fi àwòrán méjèèjì wéra, orí tábìlì ni ajá wà dípò abẹ́ ẹ̀, ó ní "I said under!", ẹnìkejì ní "You said on!", wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń fà á o.

Ìbéèrè "Where?" àti "Inside?" yẹn ló ṣiṣẹ́ náà. Michael Long, ọ̀kan lára àwọn tó ṣèwádìí gan-an lórí bí èèyàn ṣe ń kọ́ èdè kejì, sọ ọ́ ní àwọn ọdún 1980 pé ibi tí ẹni méjì bá ti ń wá ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wọn, ibẹ̀ ni èdè ti ń wọlé. Torí náà kí n tó gbé irú iṣẹ́ yìí fún wọn, mo máa ń kọ́kọ́ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi bèèrè, "Sorry, can you say that again?", "Do you mean this one?", "I don't know the word, but you use it to cut things". Ẹ mú èyí tó kẹ́yìn yẹn ní pàtàkì, torí ọmọ tó bá lè fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ṣàpèjúwe èyí tí kò mọ̀, kò ní dákẹ́ láàárín ọ̀nà mọ́.

Oríṣi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ẹ lè pín ìtàn kan sí mẹ́rin kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́ apá kan, kí wọ́n wá pàdé láti tò ó pọ̀. Gbogbo wọn, ohun kan náà ló gbé wọn ró: ẹnì kan mọ ohun tí ẹnìkejì ò mọ̀.

Sùúrù tísà náà wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Mary Budd Rowe ṣèwádìí nínú àwọn kíláàsì ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, ó rí i pé tí tísà bá béèrè ìbéèrè tán, bí ìṣẹ́jú àáyá 1 ló máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn fúnra ẹ̀. Ìgbà tí àwọn tísà fi sùúrù dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èdè abínibí wọn sì ni wọ́n fi ń dáhùn o! Ọmọ tó ń fi èdè kejì ronú nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin nínú ọkàn mi. Níbẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń rí bákan lára, ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó sáré fi ọ̀rọ̀ dí i, ẹ má fi dí i. Ohun tí mo tún máa ń fi kún un ni ti Frank Lyman, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan tó dá a lábàá ní 1981 pé kí ọmọ kọ́kọ́ dá ronú, kó sọ ọ́ fún ẹnì kan, kó tó sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Ọmọ tó bá ti sọ ọ́ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó rí i pé ó yé ẹni yẹn, ẹ̀rù tó bà á á ti dín kù púpọ̀ kó tó dìde.

Tó bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa yára lẹ́nu wọn lẹ ń wá, ẹ gbìyànjú èyí. Ọmọ á sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹnì kan fún ìṣẹ́jú 4, á tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹlòmíì fún ìṣẹ́jú 3, á tún sọ ọ́ fún ẹnìkẹta fún ìṣẹ́jú 2. Paul Nation, onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1989. Mo máa ń dín in kù sí 3, 2, 1 fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ò tíì dúró. Ohun tí ẹ máa gbọ́ tí ẹ bá ń rìn kiri ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ ń wá ọ̀rọ̀, ó ń ní "ehn, ehn", ó ń padà sẹ́yìn, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta ohun tó fẹ́ sọ ti tò nínú orí ẹ̀, ẹnu ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Kì í sì í sú u torí ẹni tuntun ló ń gbọ́ ọ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Mi ò sọ pé kí ẹ má tún nǹkan ṣe o, ó yẹ kí ẹ tún un ṣe, àmọ́ ìgbà wà fún un. Roy Lyster àti Leila Ranta wo bí àwọn tísà ṣe ń ṣàtúnṣe nínú àwọn kíláàsì Faransé ní Kánádà, wọ́n gbé e jáde ní 1997. Èyí tó lé ní ìdajì ni kí tísà kàn tún gbólóhùn ọmọ sọ bó ṣe tọ́ kó sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Òun náà sì ni àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan lé lórí, wọ́n rò pé tísà ń gbà pẹ̀lú wọn ni. Èyí tí ọmọ fúnra ẹ̀ ń tún ṣe ni ìgbà tí tísà bá bi í léèrè dípò kó dáhùn fún un. Torí náà tí ọmọ bá ní "she go there yesterday", mo máa ń ní "yesterday she…?", mo á dákẹ́, òun fúnra ẹ̀ á ní "went!" Àṣìṣe tí kò bá ba ìtumọ̀ jẹ́, mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán mo á kọ bíi márùn-ún sórí bọ́ọ̀dù láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á bára wọn tún un ṣe ní méjì-méjì. Mo máa ń fi gbólóhùn tó dára gan-an tí mo gbọ́ kún un, inú ẹni tó sọ ọ́ á máa dùn bó bá rí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù.

Ti kí wọ́n má sọ èdè abínibí nínú kíláàsì rárá, mi ò gbà á gbọ́, mo sì máa ń sọ ọ́ gbangba. Fífi ìyà jẹ ọmọ torí pé ó sọ èdè ìyá ẹ̀ ò fi Gẹ̀ẹ́sì kún Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, ó kàn ń kọ́ ọ pé kó panu mọ́ ni. Mo máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú kan kí wọ́n fi Yorùbá gbèrò ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, lẹ́yìn ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kù, wọ́n sì máa ń sọ ohun tó nítumọ̀ torí wọ́n ti ní nǹkan lọ́kàn. Ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ ni mi ò kì í gbà láàyè, ó sì gbọ́dọ̀ yé wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kan tí wọ́n bá fi ṣẹlẹ́yà lẹ́ẹ̀kan lè dákẹ́ fún odindi ọdún. Ariwo ní tiẹ̀, ó máa wà. Ẹ bá àwọn tísà kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ sì jọ ní àmì kan pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí mo bá na ọwọ́ sókè ẹni tó bá rí mi á na tiẹ̀, á dákẹ́, kò ní pẹ́ tí ilé á fi pa rọ́rọ́.

Níbẹ̀rẹ̀ táàmù mo máa ń gba ohùn ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú kan, lórí àwòrán kan, níparí táàmù a tún gbà á lórí àwòrán kan náà. Mi ò kì í fún wọn ní máàkì lórí ẹ̀. Èmi àti ọmọ náà á jókòó gbọ́ méjèèjì, mo á bi í pé kí ló gbọ́ tó yàtọ̀, wọ́n sì máa ń rí ohun tí èmi ò fiyè sí. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé, "Ma, ẹ gbọ́, nínú èyí àkọ́kọ́ 'and then, and then' nìkan ni mò ń sọ, nínú ìkejì mo ti ń sọ 'because'." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, òun fúnra ẹ̀ ló máa yan nǹkan kan tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ní táàmù tó ń bọ̀, ẹnì kan á ní òun ò fẹ́ máa dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹlòmíì á ní ti "th" ni, ẹlòmíì á ní òun fẹ́ máa béèrè ìbéèrè dáadáa, mo á ní kó kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú nóòtù ẹ̀, ibẹ̀ la sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ táàmù kejì.